Orí Kẹfà: Ọ̀fọ̀ Lọ́tọ̀, Iná Lọ́tọ̀

Ní etí òkun Pàsífíìkì, níbi tí ilẹ̀ Kánádà parí sí níhà ìwọ̀-oòrùn, ni ìlú Vancouver tẹ̀dó sí: Vancouver ọlọ́kun níwájú, olókè lẹ́yìn, ìlú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlú igi gíga, tí àwọn tí ń to ìlú ayé lẹ́sẹẹsẹ nípa ìgbé-ayé ìrọ̀rùn kì í fi sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún àlejò tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ ní etí omi rẹ̀ pé àwọn ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn dáná sun mọ́tò lójú títì, pé wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó ẹrù ẹlẹ́rù lọ, láìsí ebi, láìsí ìbò, láìsí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, nítorí eré orí yìnyín lásán, àlejò náà yóò rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2011, nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lójú kámẹ́rà tó pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ.

Ẹni tí kò mọ eré náà kò lè mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Họ́kì orí yìnyín ni eré tí ẹgbẹ́ méjì, ènìyàn mẹ́fà-mẹ́fà, ń ṣe lórí omi tó dì gbagidi. Wọn a wọ bàtà tí irin tínínrín wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a mú ọ̀pá tó tẹ̀ nídìí dání, wọn a sì máa fi ọ̀pá náà lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tó le koko kiri, títí wọn yóò fi gbá a wọ inú àwọ̀n àwọn alátakò wọn. Òfin eré náà gbà kí ọkùnrin fi èjìká gbá alátakò rẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn òǹwòran sì ka ìyẹn mọ́ adùn rẹ̀. Ìgbà òtútù ilẹ̀ Kánádà gùn, adágún tó ń dì sì pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, nítorí náà ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti ń mọ bí a ti ń yọ̀ lórí yìnyín láìṣubú. Ife tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dù ni Ife Stanley, tí Lord Stanley, ẹni tó ń ṣojú Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kánádà nígbà náà, fi tọrẹ ní ọdún 1892. Vancouver gba ife yìí ní ọdún 1915, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Millionaires. Láti ìgbà náà, ojú ni wọ́n fi ń rí i, ọwọ́ wọn kò tó o. Ẹgbẹ́ Canucks, tó wọ líìgì ńlá ní ọdún 1970, dé àṣekágbá ní ọdún 1982, wọ́n nà wọ́n. Ó tún dé ibẹ̀ ní ọdún 1994, wọ́n tún nà wọ́n, ìgboro Vancouver sì dàrú lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, nítorí ó ṣì ní ohun tí yóò bá wa sọ.

Ọdún 2011 wá dà bí ọdún ìmúṣẹ. Kò sí ẹgbẹ́ tí àmì ayò rẹ̀ pọ̀ tó tiwọn ní gbogbo sáà náà; àwọn ìbejì ará Sweden nì, Daniel àti Henrik Sedin, ń gbá róbà fún ara wọn bí ẹni pé orí kan ni wọ́n fi ń ronú; Roberto Luongo sì ń ṣọ́ àwọ̀n. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nígbà mẹ́rin nínú méje ló ń gba ife. Vancouver borí nígbà mẹ́ta nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Boston Bruins lù wọ́n 5-2 ní ìkẹfà, ìkeje wá di ohun tí wọn yóò gbá nílé, níṣojú ọmọ, níṣojú ìyá, níṣojú bàbá. Patrice Bergeron gbá méjì wọlé fún Boston, Brad Marchand gbá méjì, Tim Thomas tó ń ṣọ́ àwọ̀n Boston sì gba gbogbo 37 tí wọ́n gbá sí i. Mẹ́rin sí òfo: ìrètí ọdún 96 bọ́ sínú omi láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ju 100,000 ènìyàn ló wà ní àárín ìlú tí gbogbo olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 600,000 lọ. Ìjọba ìlú ló pè wọ́n, tó gbé ojú amóhùnmáwòrán gàgàrà kọ́ sí Georgia Street kí ẹni tí kò rówó tíkẹ́ẹ̀tì lè rí eré wò, àwọn ènìyàn sì ti ń mutí láti ọ̀sán. Bí eré ti ń parí lọ ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí fò. Kò pẹ́ tí wọ́n dojú mọ́tò kan dé, tí wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́, mọ́tò ọlọ́pàá pàápàá kò yọ sílẹ̀. Wọ́n fọ́ gíláàsì ilé ìtajà ńlá Hudson's Bay, wọ́n wọ ilé ìtajà London Drugs, wọ́n ń kó ọjà jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkùnrin kan tó fẹ́ dá wọn lẹ́kun níwájú Hudson's Bay, wọ́n lù ú bí ẹni ń lu bàrà. Ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n fi ẹṣin àti asà lé wọn láti òpópónà dé òpópónà. Nígbà tí wọ́n ka òfò, mọ́tò 122 àti ibi òwò 112 ló bàjẹ́, owó rẹ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là Kánádà.

Àlàyé tí gbogbo ayé kọ́kọ́ rí mú ni pé wọ́n pàdánù, inú bí wọn, wọ́n dáná. Àlàyé náà dùn ún gbọ́, ó lè yé ọmọdé; èmi kò sì gbà á. Pé wọ́n pàdánù, òótọ́ ni. Pé inú ọ̀pọ̀ bàjẹ́, òótọ́ ni. Pé àwọn kan dáná, a rí èéfín. Ṣùgbọ́n ta ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún wa? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó wọ aṣọ búlúù àti àwọ̀ ewé kan náà, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí i pé ẹni tó ń sunkún gan-an ni ẹni tó ṣáná.

Kí a tó lọ sí ìgboro, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ara ẹni tó jókòó wo ìran wò, ẹni tí kò di ọ̀pá mú, tí kò fi ẹsẹ̀ kan yìnyín. Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn ọkàn ní Montreal, tí Paul Khairy jẹ́ àgbà láàárín wọn, tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ti ń lù mọ́ ara àwọn olólùfẹ́ họ́kì tí ara wọn le, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n wo ẹgbẹ́ Canadiens ìlú wọn. Ọkàn àwọn tó wò ó lórí amóhùnmáwòrán fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ti ìgbà ìsinmi lọ. Ti àwọn tó wà nínú pápá fi ìdá 110 yára, ìyẹn ni pé ó lé ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alágbára, tó ń làágùn, ni ọkàn rẹ̀ ń lù bẹ́ẹ̀. Orí àga sì ni àwọn wọ̀nyí wà. Ní Jámánì, ní ọdún 2006 tí wọ́n gba àlejò Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àwọn dókítà agbègbè Munich ka iye àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì: ní ọjọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye náà jẹ́ ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ lásán, ti àwọn ọkùnrin sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, ẹni tó sì ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ ni ewu náà ga jù fún. Họ́mọ̀nù ìdágìrì tí wọ́n ń pè ní adrenaline ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan a fún, ẹ̀jẹ̀ a ru, ọkàn tó ti ń ṣe òjòjò a sì rí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ àṣekágbá, kí ó má sì fi ọtí àti sìgá sin eré wíwò náà.

Àwọn ìwádìí wọ̀nyí ń sọ nípa ìnira wíwò. Èyí tó ń sọ nípa ìpàdánù gan-an ni èyí tí Paul Bernhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Itọ́ ẹnu ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, nínú wọn sì ni àwọn tó wo àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994 láàárín Brazil àti Italy. Họ́mọ̀nù testosterone, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí oògùn ìjà ọkùnrin, gòkè lára àwọn olólùfẹ́ Brazil tó borí, ó sì lọ sílẹ̀ lára àwọn ti Italy. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, n kò sì ní gbé ilé alájà mẹ́ta karí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ kíyè sí ibi tó dojú kọ: ara ẹni tó pàdánù ń rọ wọ̀ọ̀, apá rẹ̀ ń wálẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Ara ẹni tó borí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń hó.

Kí ló dé tí ẹni tí kò gbá róbà fi ń gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ sára? Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé", ohun tí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ sì ń rà pẹ̀lú owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti jẹ́ "àwá dé". Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 hàn pé, ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé ìgbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì wọn borí, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ aṣọ tó ní orúkọ yunifásítì náà lára máa ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tún fi tẹlifóònù bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa eré kan tó ti kọjá, àwọn tó ń ròyìn ìṣẹ́gun ló máa ń wí pé "a borí". Bó bá kan ìpàdánù, ọ̀rọ̀ a yí, ó di "wọ́n pàdánù". Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n lè gbà jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní in ni olólùfẹ́ tòótọ́, ẹni tó búra bí ẹyẹlé pé òun kò ní bá onílé jẹ, kí òun bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kí òun yẹrí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè pe Canucks ní "wọ́n". Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ sì ni ó ṣe: ó wo ilẹ̀, ó rìn lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láìfọhùn, oúnjẹ kò wù ú.

Bí ìbànújẹ́ bá ni ìyá ìjà ìgboro, ìlú tó borí ìbá máa sùn dáadáa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1993, Canadiens ìlú Montreal gba Ife Stanley. Àwọn ọmọ ìlú náà jáde, wọ́n jó, wọ́n kọrin, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú tán, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ba mọ́tò ọlọ́pàá jẹ́. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife ní ọdún 1986. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, wọn kò tilẹ̀ gba ife kankan; Boston ni wọ́n lù nínú ìpele àkọ́kọ́ péré, wọ́n sì dáná sun mọ́tò ọlọ́pàá láti fi dúpẹ́. Jerry Lewis, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kent State, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ àkọsílẹ̀ nípa rògbòdìyàn àwọn olólùfẹ́ eré ní Àríwá Amẹ́ríkà, rí i pé lẹ́yìn ìṣẹ́gun gan-an ni ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ tún wo Vancouver fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2010, nígbà tí ìlú náà gba àlejò Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, Sidney Crosby gbá róbà wọlé ní àfikún àkókò, Kánádà borí Amẹ́ríkà 3-2, àwọn òpópónà kan náà kún fọ́fọ́ bí ìgbà tí eṣú bá bo oko, ọtí ṣàn, orin dún, kò sì sí iná. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ojú ọjọ́ ìṣẹ́gun àti ojú ọjọ́ ìpàdánù, kò sí èyí tó lè sọ fún wa bóyá iná yóò jó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń wí pé ìjà àwọn olólùfẹ́ kì í ní ìdí rí. Ní Montreal kan náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1955, èyí tó ní ìdí ṣẹlẹ̀. Maurice Richard, Rocket ọmọ Montreal, asáré-lórí-yìnyín-bí-àrá, ẹni tí àwọn ará Quebec elédè Faransé rí bí ọmọ bíbí inú wọn tó ń gba ẹ̀san fún wọn, ti na adájọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà kan ní Boston. Clarence Campbell, olórí líìgì, tó jẹ́ ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì, sì dájọ́ pé kò gbọdọ̀ gbá mọ́ títí sáà yóò fi parí. Lójú ará Quebec, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń jẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti eré. Campbell tún gbéra, ó wá jókòó sí àyè rẹ̀ níbi eré tó tẹ̀ lé e (èmi kò mọ ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, bí ẹnikẹ́ni bá gbà á). Wọ́n sọ ẹyin àti tòmátì lù ú, ẹnìkan ju tajútajú sínú ilé, wọ́n dá eré dúró, wọ́n gbé ìṣẹ́gun fún Detroit tó ń bá wọn gbá, Sainte-Catherine Street sì gbóná títí di òru. Ní ọjọ́ kejì, Richard fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò, ó bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlú sì rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ nítorí pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jà. Ní Vancouver ọdún 2011, kò sí ìbejì Sedin tàbí Luongo tí ì bá bẹ ẹni tó ń kó àpamọ́wọ́ olówó iyebíye jáde láti ojú fèrèsé tí ì bá gbọ́. Ìyẹn kò jà fún wọn.

Kí ló wá dá iná náà? Ní ọdún 1895, Gustave Le Bon ará Faransé kọ̀wé pé bí ènìyàn bá ti wọ inú èrò, ọgbọ́n orí rẹ̀ a pòórá, ẹranko a jí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ronú mọ́. Ìwé náà tàn ká ayé, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ bíbéèrè ohun tí èrò náà ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi Le Bon wo Vancouver, kò bá a mu. Èrò tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún; àwọn tó fi ọwọ́ kan nǹkan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń wò. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ ilé. Àwọn kan ń bẹ àwọn tó ń fọ́ gíláàsì. Orí kan náà kọ́ ni gbogbo wọn fi ronú.

Èyí tó bá a mu jù ni iṣẹ́ Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 1978, iṣẹ́ tí kò gba itọ́, tí kò so ẹ̀rọ mọ́ ẹnikẹ́ni láyà, tó jẹ́ ìṣirò lásán, ṣùgbọ́n tó là mí lójú ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ. Ó ní kí a fi ojú inú wo ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní gbàgede kan. Olúkúlùkù ní iye ẹni tó gbọdọ̀ rí tó ń ṣe ìjàngbọ̀n kí òun tó dá sí i. Ẹnìkan wà tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ń dúró de ẹnìkan. Ẹnìkan ń dúró de méjì. Ẹnìkan ń dúró de mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò títí dé orí ẹni tí kò ní na ọwọ́ àfi bó bá rí 99. Èyí tí kò dúró de ẹnikẹ́ni ju òkúta. Èyí tó ń dúró de ẹnìkan rí i, òun náà jù ú. Èyí tó ń dúró de méjì rí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ràn títí ọgọ́rùn-ún fi di onírògbòdìyàn. Ẹ wá mú ẹni tó ń dúró de ẹnìkan kúrò, kí ẹ fi ẹlòmíràn tó ń dúró de méjì sí ipò rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ a ju òkúta rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, gbogbo wọn a máa wò ó bí ẹni wo wèrè, ọlọ́pàá kan a sì mú un lọ. Gbàgede méjèèjì kò fi nǹkankan yàtọ̀ síra ju ẹnìkan lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ akọ̀ròyìn tó dé ti àkọ́kọ́ yóò kọ ọ́ pé ìwà ìlú ti bàjẹ́, èyí tó dé ti ìkejì yóò sì kọ ọ́ pé ọmọlúàbí ni gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan.

Ẹ fi ìṣirò yìí wo Georgia Street. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ni kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Ọtí ń dín iye tí olúkúlùkù ń dúró dè kù. Ìtàn ọdún 1994 ń dín in kù pẹ̀lú, nítorí pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn bóyá yóò tún ṣẹlẹ̀, ohun tí a bá sì ti ń retí kì í pẹ́ kó tó wá ẹni tí yóò ṣe é. Lójú tèmi, fóònù ló wá dín in kù jù. Àwọn tó tẹ̀ lé Le Bon máa ń sọ pé òkùnkùn àti àìmọni ló ń fún oníjàgídíjàgan láyà. Ṣùgbọ́n ní Vancouver ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ojú mọ́mọ́ sì ni mọ́tò àkọ́kọ́ jó. Àwọn ọmọkùnrin tí ojú wọn hàn gbangba dúró níwájú iná, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wọn ya àwòrán. Kò sí ẹni tó fara pamọ́. Èrò tó yí wọn ká, tí kò ju òkúta, tí kò jí nǹkan, tó kàn gbé fóònù sókè tó sì ń hó yèè, òun ni gbàgede Granovetter.

Fóònù yẹn náà ló wá kó wọn. Olórí ọlọ́pàá ìlú nígbà náà, Jim Chu, kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà lé àwọn ọ̀daràn àti àwọn tí kò fẹ́ ìjọba kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí fídíò jọ, tí wọ́n gbé e lọ sí Yunifásítì Indianapolis ní Amẹ́ríkà fún àyẹ̀wò, àwọn tó jáde nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò fi ojú ba ilé-ẹjọ́ rí. Nǹkan bí 300 ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, èyí tó pọ̀ jù sì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹjọ́ náà gbà tó ọdún márùn-ún kí ó tó tán nílẹ̀. Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò mọ́tò ìjọba ìpínlẹ̀ tí Vancouver wà wí pé òun ní ẹ̀rọ tó lè fi ojú inú àwòrán wé ojú inú ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Kọmíṣọ́nà tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú sọ pé láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́, wọn kò gbọdọ̀ lò ó. Mo kan sárá sí i.

John Furlong àti Douglas Keefe, tí ìjọba ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, gbé ìwé wọn jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Wọ́n fẹnu kan ọtí, wọ́n fẹnu kan èrò tó pọ̀ ju ibi tí wọ́n há wọn mọ́, wọ́n fẹnu kan ètò tí kò tó iye ènìyàn tó wá. Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi kún un ni ti Clifford Stott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ran ọlọ́pàá Portugal lọ́wọ́ ní ọdún 2004 nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù: kí ọlọ́pàá wọ aṣọ iṣẹ́ wọn lásán, kí wọ́n rìn ní méjì-méjì láàárín àwọn olólùfẹ́, kí wọ́n kí wọn, kí wọ́n bá wọn ṣe àwàdà, kí asà àti kóńdó wà ní ẹ̀yìn ibi tí ojú kò tó. Àwọn olólùfẹ́ England, tí òkìkí burúkú wọn ti ṣáájú wọn débẹ̀, kò fa wàhálà kankan tó nípọn níbi tí wọ́n ti lo ìlànà náà. Ọlọ́pàá tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ìdájí lè rí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó ju òkúta rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó ga, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá sí àárín ìlú pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti àpò ìdọ̀tí; ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ṣì wọ aṣọ Canucks ti àná. Wọ́n gbá gíláàsì, wọ́n ṣa ìgò, nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí Hudson's Bay ti kan pákó bo fèrèsé rẹ̀ tó fọ́, ẹnìkan mú kálàmù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìlú má bínú; ẹlòmíràn kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí pákó náà fi kún bámúbámú fún ẹ̀bẹ̀ àti ìfẹ́ ìlú. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Vancouver gba àwọn pákó náà, wọ́n sì tọ́jú wọn. Bí ẹ bá bi mí pé níbo ni àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ wà, ibẹ̀ ni n óò nàka sí. A tún lè fi Granovetter wò ó: ẹnìkan ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí pákó láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ibì kan ṣì kù tí ìpàdánù ti ń dá ọgbẹ́ gidi, níbi tí kò sí èrò, tí kò sí ẹni tó ń ya àwòrán. Ní ọdún 2011 kan náà, David Card àti Gordon Dahl, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá láti ọdún 1995 sí 2006 ṣe, ní agbègbè àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mẹ́fà. Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ ilé bá pàdánù eré tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé yóò borí, ìròyìn pé ọkùnrin lu ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nínú ilé máa ń fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ eré tí ìrètí méjèèjì dọ́gba ni wọ́n pàdánù, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀ kankan. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì borí níbi tí wọn kò retí, lílù náà kò dín kù nítorí ìyẹn. Ìdá náà ń ga sí i bí alátakò bá jẹ́ ọ̀tá àtijọ́, tàbí bí eré náà bá kún fún ìjìyà àti àṣìṣe tó ń múni gbaná jẹ. Àárín wákàtí díẹ̀ tí eré ń parí ló ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn iye náà a padà sí bó ti ń wà ní ọjọ́ Àìkú mìíràn.